Okùn Tó Ń Gbọ́ràn

Ní ọ́fíìsì ìtọ́jú ọmọdé yẹn, òfin kan wà tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ògiri: ẹnì kan kì í dá lọ bẹ ilé wò. Méjì ni wọ́n ń lọ, àwọn méjèèjì ló sì ń buwọ́ lùwé tí wọ́n bá dé. Òfin tó dáa ni. Àmọ́ òṣìṣẹ́ ò tó nǹkan, ilé tó yẹ kí wọ́n bẹ̀ wò sì ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, ni wọ́n bá dá ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní "yá mi lójú". Ẹnì kan á lọ, á kọ ohun tó rí, ẹnì kejì á jókòó sídìí tábìlì tirẹ̀, á sì buwọ́ lù ú pé òun náà rí i. Kò sẹ́ni tó ń pè é nírọ́. Tí irọ́ bá ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, a máa gba orúkọ tuntun.

Báyìí ni Àbúrò ṣe buwọ́ lu ìwé ilé bàbá káfíńtà kan. Àbúrò ni wọ́n ń pe obìnrin náà nítorí pé òun lọjọ́ orí rẹ̀ kéré jù ní ọ́fíìsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lo ọdún mẹ́jọ níbẹ̀. Ìyá Ọ́fíìsì ló ní kó yá òun lójú, ta ló sì fẹ́ kọ̀ fún Ìyá Ọ́fíìsì? Òun ló kọ́ Àbúrò níṣẹ́. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ tẹ́rù ń bà sọ̀rọ̀ láì ṣe bí ọlọ́pàá. Oṣù méjì péré ló kù kí ìyá náà fẹ̀yìn tì.

Ìwé náà ò gùn. "A kanlẹ̀kùn títí, wọn ò dáhùn. A wọlé. A bá ọmọbìnrin ọlọ́dún márùn-ún kan lórí ẹní, wọ́n so okùn mọ́ ọn níbàdí bí ẹni so ewúrẹ́. A bá ọmọ sọ̀rọ̀, kò fèsì. Bàbá ìyá rẹ̀ kàn ń wò wá ni. Kí wọ́n gba ọmọ náà kíákíá." Gbogbo rẹ̀ ni "a", "a", bẹ́ẹ̀ Àbúrò ò tiẹ̀ mọ àdúgbò náà.

Nígbà tó ku ọ̀la kí ìgbìmọ̀ tó ń fọwọ́ sí gbígba ọmọ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà, ó di dandan kí ọ̀kan nínú àwọn tó buwọ́ lùwé fọwọ́ ara rẹ̀ mú lẹ́tà pé wọ́n fẹ́ gba ọmọ lọ fún bàbá. Ìyá Ọ́fíìsì ní orúnkún òun ò gbà. Àbúrò ló lọ.

Ó kanlẹ̀kùn. Ó tún kàn án. Aránṣọ tó wà ní yàrá kejì yọjú, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ lè kàn án títí dọ̀la o. Adití ni Bàbá, látikékeré. Okùn ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn yẹn ni kẹ́ ẹ fà."

Kò síbi tí ìwé náà ti sọ pé bàbá kò gbọ́ràn. Ó fa okùn náà, ọmọbìnrin kékeré kan sì ṣílẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ kí i, lẹ́yìn náà ló yíjú sí bàbá arúgbó tó dúró nídìí pákó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ìka ọmọ náà yára débi pé ojú ò lè tẹ̀ lé e. Bàbá náà fọwọ́ fèsì, ó rẹ́rìn-ín.

"Bàbá ní ẹ káàbọ̀ mà. Wọ́n ní kẹ́ ẹ má jókòó sórí àga yẹn, gọ́ọ̀mù ẹ̀ ò tíì gbẹ."

"Wọ́n ṣáà ní o kì í sọ̀rọ̀," ni Àbúrò wí.

Ọmọ náà yọ ṣùtì ètè. "Màmá tó wá níjelòó ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò kí Bàbá, wọ́n kàn ń pariwo mọ́ wọn. Bàbá wá ní kí n má dá wọn lóhùn."

"Okùn tí wọ́n so mọ́ ẹ ńkọ́?"

"Etí Bàbá ni." Ó sọ ọ́ bí ẹni sọ pé omi ló wà nínú ife.

Nígbà tó ṣe, oorun ọ̀sán bẹ̀rẹ̀ sí í kun ọmọ náà. Bàbá tẹ́ ẹní fún un, ó so okùn aláṣọ kan mọ́ ọn níbàdí, ó so ìpẹ̀kun rẹ̀ kejì mọ́ ọrùn ọwọ́ òsì ara rẹ̀, ó sì lọ máa fá pákó lẹ́yìn kọ́tìnì. Kí ọmọ náà tó dijú, ó fi ìka kan fa kókó okùn náà láti fi han àlejò, ó tú pẹ̀ẹ́, ó tún un so. Èwo ni ti ewúrẹ́ níbẹ̀?

Àbúrò jókòó, ó ń kọ̀wé. Kò gbọ́ ohunkóhun ju irin tó ń fá pákó lọ. Lójijì ni irin náà dákẹ́. Bàbá yọ láti ẹ̀yìn kọ́tìnì, ó gba iwájú Àbúrò kọjá, ó gbé orí ọmọ lé itan, ó fi oògùn ikọ́ fée tí wọ́n ń fà sọ́fun sí i lẹ́nu. Ìgbà yẹn ni Àbúrò ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé àyà ọmọ náà ti ń wọnú, pé èémí ti ń há a lọ́fun. Ọmọ náà fà á lẹ́ẹ̀mejì, àyà rẹ̀ rọlẹ̀. Kò tiẹ̀ jí tán.

Àbúrò tó ní etí méjì, tí ọmọ ò jìnnà sí ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ, kò gbọ́. Bàbá tí ààrá ò lè wọ etí rẹ̀ ló fi ọrùn ọwọ́ gbọ́ ọ lẹ́yìn kọ́tìnì, bí èémí ọmọ ṣe ń fa okùn. Orí Àbúrò wú. Ó ti wọ ilé bí ọ̀ọ́dúnrún lẹ́nu iṣẹ́ yìí, kò tíì rí irú ìtọ́jú báyìí rí, ẹ̀rù ọ̀wọ̀ sì bà á débi pé ó fẹ́ bọ́ bàtà sílẹ̀ nínú yàrá náà. Ìròyìn ò tó àfojúbà lóòótọ́.

Síbẹ̀ ó ní láti fún un ní lẹ́tà. Bàbá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sunkún. Ó mú pẹ́ńsù tó wà létí rẹ̀, ó mú àjákù pákó kan, ó kọ̀wé sí i, ó sì nà án sí Àbúrò: "Níbi tí ẹ ń mú un lọ, ta ni yóò máa so okùn mọ́wọ́?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀dọ̀ Ìyá Ọ́fíìsì ló kọ́kọ́ lọ. Ó tilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀.

"O fẹ́ lọ sọ níwájú ìgbìmọ̀ pé o purọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ jẹ́ ká jọ sọ pé ìwé yẹn ò tọ̀nà."

"Wọ́n á lé àwa méjèèjì. Tí wọ́n bá sì ṣí èyí, ṣé o rò pé ibẹ̀ ni wọ́n máa dúró?" Ìyá Ọ́fíìsì mú báàgì rẹ̀. "Dìde. Wọ́n ń dúró dè wá."

Ìgbìmọ̀ jókòó. Alága ka ìwé náà tán, ó béèrè ohun tó máa ń béèrè: "Ṣé ẹ̀yin méjèèjì lẹ fojú ara yín rí i?"

"A rí i," ni Ìyá Ọ́fíìsì wí.

Àbúrò dìde. "Èmi ò rí i, sà. Mi ò débẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo kàn buwọ́ lù ú ni."

Alága yọ awò ojú rẹ̀. "Ṣó o mọ ohun tó ò ń sọ?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Ẹ ṣe mí bó ṣe yẹ, àmọ́ ẹ má gba ọmọ náà." Ó rò fún wọn ohun tó rí lánàá, ó sì gbé pákó náà sórí tábìlì. Wọ́n ń gbé e láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń kà á.

Alága ní kí ọmọ wà níbi tó wà, àwọn fúnra àwọn máa lọ wo ilé náà. Ó ní kí Àbúrò gbé káàdì iṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀. Àbúrò bọ́ ọ lọ́rùn, ó sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákó náà.

Ìyá Ọ́fíìsì náà dìde. "Èmi ni mo ní kó buwọ́ lù ú. Kì í sì í ṣe ìwé yìí nìkan."

"Ẹ jókòó, mà," ni Alága wí.

"Ẹ má ní kí n jókòó. Tí mo bá jókòó, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́." Ó di etí tábìlì mú. "Àwọn ìbejì tá a gbà lọ́wọ́ awakọ̀ tí ìyàwó ẹ̀ kú. Èmi nìkan ni mo lọ. Ọmọ jòjòló tá a gbà lọ́wọ́ ọmọ iléèwé yẹn. Èmi nìkan ni mo lọ, mi ò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ọmọkùnrin tó ń kólòlò. Èmi nìkan ni. Ẹ máa kọ ọ́."

Kò mú ìwé kankan lọ́wọ́. Àbúrò ń wò ó. Ó ti jókòó ti obìnrin yìí fún ọdún mẹ́jọ, kò mọ̀ pé ó ń gbé gbogbo àwọn ọmọ náà kiri lọ́kàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilé tí wọ́n ti mú un wá. Alága ṣí bírò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ìyá Ọ́fíìsì ti ka ọmọ mẹ́rìndínlógún kó tó béèrè omi.