Ìkúnlẹ̀ Ayẹyẹ

Bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ohun tí a fojú tẹ́ńbẹ́lú sọ wá di ẹlẹ́kún.

Kò sẹ́ni tí kò mọ Ùsmán Láwọ̀yín ní Kábbà, òun àti ẹṣin rẹ̀ pupa tó ń jẹ́ Ayẹyẹ. Láti ìgbà tí ẹṣin náà ti wà lọ́mọdé ló ti kọ́ ọ ní ìkíni "okun" tí àwọn ará Kábbà fi ń kí ara wọn. Bí bàbá náà bá ti kì í báyìí:

"Ayẹyẹ, a-fi-gọ̀gọ̀-gbálẹ̀-ìta,
Ẹlẹ́sẹ̀ òjò tí í mú ọ̀nà Odò-Àpẹ́ kúrú,
Kí wọn ní okun, ọmọ mi,"

Ayẹyẹ á ká ẹsẹ̀ iwájú, á kúnlẹ̀, á forí kanlẹ̀. Lọ́jọ́ Iléyá, àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá máa ń jáde wá wò ó.

Òjò ọdún yìí pọ̀. Omi dá rogún sẹ́yìn ilé ẹṣin, ẹ̀fọn ń kùn níbẹ̀ bí oyin. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ùsmán wọlé tọ ẹṣin rẹ̀, kò sì tíì lanu tí Ayẹyẹ fi kúnlẹ̀.

"Àìṣát, wá wò ó," ó pe ìyàwó rẹ̀. "N ò tíì kì í, ó ti kí mi."

Àìṣát dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú igbá ọkà bàbà. "Bàbá Sàlíù, ètè rẹ̀ ti rọ̀ wálẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ẹni tó ń kíni kì í kọjú sí ògiri."

"Orogún rẹ sá ni. Ọjọ́ tó ti wọlé lo ti ń jowú rẹ̀."

"Bí mo bá fẹ́ jowú, ẹni tí kò nírù ni n ó wá." Ó gbé igbá kalẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ pe dókítà ẹran."

Kò pè é. Nígbà tó di Jímọ̀, ó gùn ún lọ sí mọ́ṣáláṣí, kí ayé lè rí ẹṣin tí í kíni láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Ayẹyẹ kúnlẹ̀ níwájú àwọn elépo, wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó tún kúnlẹ̀ lójú pópó níbi tí kò séèyàn kankan. Ìgbà náà ló yé Ùsmán pé kì í ṣe ìkíni. Ẹni gun ẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fà á wálé díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ti dé ilé ẹṣin, ó ṣubú, kò sì lè dìde mọ́.

Wọ́n wá ránṣẹ́ pe dókítà ẹran. Dókítà Morónkẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó mí kanlẹ̀.

"Kòkòrò àìfojúrí kan ni, Bàbá. Ẹ̀fọn ló ń gbé e láti ara ẹyẹ wá sára ẹṣin. Ó ti wọ inú ọpọlọ rẹ̀. Kò sí oògùn tó ń pa á."

"Bí mo bá ti pè yín lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ńkọ́?"

"Mi ò ní purọ́ fún yín. Ó lè má yí nǹkan padà. Ṣùgbọ́n kì bá tí rin ìrìn ọjọ́ Jímọ̀ yẹn."

Wọ́n dúró, wọ́n ń retí. Gìrì ń mú un, ó ń fi orí gbá ilẹ̀ títí ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ fi bó. Nígbà tó yá, Ùsmán fúnra rẹ̀ ló sọ pé kí wọ́n jẹ́ kó sinmi.

Bí dókítà ti ń fa oògùn tí yóò fi òpin sí ìrora rẹ̀ sínú abẹ́rẹ́, Ùsmán bẹ̀rẹ̀ sétí ẹṣin láti dágbére. "Ayẹyẹ, a-fi-gọ̀gọ̀-gbálẹ̀..."

Etí ẹṣin mì. Ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká, ó ń wá ilẹ̀ tí yóò kúnlẹ̀ lé, gbogbo ara rẹ̀ ń jà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́," ni dókítà wí, "ẹ má kì í mọ́. Ó ń tiraka láti dá yín lóhùn."

Ùsmán fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Bó ṣe wà nìyẹn tí oògùn fi ṣiṣẹ́, tí Àìṣát fi di èjìká rẹ̀ mú, tí èémí ẹṣin fi tán.

Lẹ́yìn náà ló ṣí ọwọ́ kúrò lẹ́nu, ó sì ki oríkì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹsẹ̀ kankan ò ká.