Sẹ̀ǹtímítà Méjì

Kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá àkọsílẹ̀ kì í yè, kì í sì í kú. Bí wọ́n bá tàn án láàárọ̀, á kọ́kọ́ hú bí ẹni tí àyà ń dùn, á dákẹ́, á tún hú, kí ojú rẹ̀ tó ṣú dúdú, kí lẹ́tà aláwọ̀ ewé tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti wà lórí tábìlì yẹn. Inú rẹ̀ ni orúkọ gbogbo ẹni tó ti wá ṣe ẹsẹ̀ àtọwọ́dá nílé iṣẹ́ náà wà, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ènìyàn ó lé igba àti mẹ́rìnlá, pẹ̀lú bí ẹsẹ̀ oníkálukú wọn ti gùn tó.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọkùnrin tí gbogbo wọn ń pè ní Oníkọ̀ǹpútà kò le lẹ́nu. Kó kó àkọsílẹ̀ yẹn kúrò nínú ẹ̀rọ arúgbó náà, kó gbé e lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n lè máa ṣí i lórí kọ̀ǹpútà yòówù, kódà lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún un. Ọ̀gá sì ti pàṣẹ pé wọn ò gbọdọ̀ tẹ káàdì ìwọ̀n kankan jáde láti inú ẹ̀rọ àtijọ́ mọ́. Ẹsẹ̀ tí ò bá ní káàdì, ẹnikẹ́ni ò ní ṣe é.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kan Oníkọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tí í ṣe tíṣà, wà lára àwọn tó ń dúró de ẹsẹ̀. Oṣù keje rèé tí ọkọ̀ ti gbá a, tí wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún. Iléèwé ti kọ̀wé sí i pé bí kò bá dúró níwájú kíláàsì rẹ̀ ní Mọ́ńdè tí sáà tuntun máa wọlé, àwọn á fi ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Obìnrin náà ká lẹ́tà yẹn sí mẹ́rin, ó fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Kò sunkún. Ó kàn ń béèrè lálaalẹ́ pé, "Àbúrò mi, iṣẹ́ yẹn ńkọ́?"

Iṣẹ́ yẹn ń pa á. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí wọ́n fi ń wọlé sínú ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ náà lọ́wọ́ Ìyá Fáìlì, obìnrin tó ti ń tọ́jú àkọsílẹ̀ níbẹ̀ láti ìgbà tí kọ̀ǹpútà náà ti dé.

"Ó wà lábẹ́ tábìlì," ni Ìyá Fáìlì wí.

"Nínú dúrọ́ọ̀ wo, Mà?"

"Mo ní abẹ́ tábìlì, o ń sọ dúrọ́ọ̀."

Abẹ́ tábìlì náà ni lóòótọ́. Ẹni tó kọ ètò náà, tó ti kú láti ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sára pákó. Oníkọ̀ǹpútà dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku, ó tan iná fóònù, ó sì rí i pé lẹ́tà méjì ti parẹ́ níbi tí orúnkún Ìyá Fáìlì ti ń ha á láti ọdún yìí wá. Wákàtí mẹ́rin ló fi wá lẹ́tà méjì yẹn.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan orúkọ. Ó rí ẹnì kan tó ń jẹ́ Ìyá Aláṣọ, ó rí Ìyá Aláṣọ Kejì, ó tún rí Ìyá Aláṣọ Tí Kì Í Ṣe Ti Tẹ́lẹ̀.

"Mà, ṣé ẹnì kan náà ni wọ́n?"

"Méjì nínú wọn ni."

"Àwọn wo ni méjì?"

"Ó sinmi lórí ẹni tí o bá bi."

Ọ̀gá náà ò jẹ́ kó sinmi. Aago mẹ́wàá kì í lù kó má wọlé, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, kó tẹjú mọ́ iṣẹ́ tuntun náà bí ẹni tó ń wo àwòrán. Kò béèrè bóyá orúkọ pé. Kò béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́. "Àwọ̀ búlúù yìí," á ní, "ṣé kò dúdú jù?" Bí Oníkọ̀ǹpútà bá mú kó mọ́ díẹ̀, lọ́jọ́ kejì á ní, "Kò ti wá funfun jù báyìí?"

Ìyá Fáìlì ní tirẹ̀ jókòó síwájú ojú ìwé tuntun náà, ó na ìka ìtọ́kasí, kò sì fi kan nǹkan kan.

"Bọ́tìnnì mi dà?"

"Bọ́tìnnì wo, Mà?"

"Èyí tí mo máa ń tẹ̀ nígbà méje kí káàdì tó jáde."

"Ẹ ò nílò kí ẹ tẹ nǹkan kan nígbà méje mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo."

Ó wò ó bí ẹni tí wọ́n fẹ́ rẹ́ jẹ. "Ohun tí mo tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, báwo ni màá ṣe mọ̀ pé ó gbọ́?"

Iléèwé alẹ́ ni Oníkọ̀ǹpútà ti kọ́ṣẹ́ yìí, lẹ́yìn iṣẹ́ ẹrù gbígbé lójúmọmọ. Ó rò pé òun ti rí gbogbo ohun tó ń jẹ́ ìyà, kò mọ̀ pé ó ku Ìyá Fáìlì.

Nínú yàrá àkọsílẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ti máa ń wọn ẹsẹ̀. Àpótí kan wà tí oníbàárà máa ń jókòó lé, ọ̀pá ìwọ̀n onígi kan sì wà tí wọ́n fi kọ́ ìṣó lára ògiri. Bí wọ́n bá fẹ́ wọn ènìyàn, wọ́n á gbé ọ̀pá náà dúró lórí ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá, wọ́n á sì ka iye tó bá orúnkún mu. Orí ìṣó yẹn gan-an ni Oníkọ̀ǹpútà ń fi báàgì rẹ̀ kọ́ láràárọ̀. Kò bojú wo ọ̀pá náà rí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, bó ṣe ń gbé àwọn iye ìwọ̀n náà bọ̀ sínú ètò tuntun, Ìyá Fáìlì yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Oníkọ̀ǹpútà, kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ ọ̀pá yẹn..."

"Mà, ẹ dákun, ẹ dá mi sí. Iye ni mò ń gbé, mi ò gbé ọ̀pá."

"Iye náà ni mo fẹ́ sọ."

"Iye wà nínú kọ̀ǹpútà, Mà. Ìtàn lẹ fẹ́ sọ. Ọ̀sẹ̀ kan ló kù fún mi."

Ìyá Fáìlì yí àga rẹ̀ padà. "Ó dáa. Mo ti pa ẹnu mi dé."

Nígbà tí Oníkọ̀ǹpútà parí, ó ka iye àkọsílẹ̀ tó jáde láti inú ti àtijọ́, ó ka iye tó wọ inú tuntun. Wọ́n bára mu láìku ẹyọ kan. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó tẹ káàdì mẹ́rin jáde lójú ẹsẹ̀, ó mú ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ bá Baba Ẹlẹ́sẹ̀, àgbà oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń ṣe ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé e síwájú ti àwọn tó kù. Baba Ẹlẹ́sẹ̀ rojú, ṣùgbọ́n ó gbà.

Fúráìdè tó ṣáájú Mọ́ńdè ọ̀hún, ní aago méjì ọ̀sán, ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá wọ ẹsẹ̀ náà wò. Ó di irin méjì tó wà ní yàrá ìdánwò mú, ó dìde. Ìbàdí òsì rẹ̀ ga, èjìká ọ̀tún dà sílẹ̀, bí tábìlì tí wọ́n fi òkúta ti ẹsẹ̀ kan rẹ̀.

"Ẹ gbà mí o," ni obìnrin náà wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Apá kan mi ti fẹ́ dé ọ̀run, ìkejì ṣì ń bá yín gbé láyé."

Baba Ẹlẹ́sẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó fa káàdì yọ nínú àpò rẹ̀. "Ohun tó wà níbí ni mo ṣe. Kà á. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń ṣe ẹsẹ̀, káàdì ò parọ́ fún mi rí, àfi èyí tó ti orí afẹ́fẹ́ bọ̀."

"Baba, orí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, kì í ṣe orí afẹ́fẹ́."

"Ibi tó bá wù ó ti bọ̀, ó gùn jù."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbìyànjú ìgbésẹ̀ méjì. Ẹ̀ẹ̀kejì, irin ló gbà á sílẹ̀. Ó jókòó. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀.

"Mọ́ńdè ni, àbúrò mi," ló wí wẹ́rẹ́.

Oníkọ̀ǹpútà sáré padà sí yàrá àkọsílẹ̀. Ó wo inú ètò tuntun, mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ó tan ẹ̀rọ àtijọ́, ó dúró tì í títí ó fi hú tán, ó wo inú rẹ̀, mẹ́rìndínláàádọ́ta.

"Bó ṣe wà náà ni mo gbé e!" ló pariwo, kò sì sí ẹni tó bá a jiyàn.

"Tẹ káàdì ti àtijọ́ jáde," ni Ìyá Fáìlì wí láì gbójú sókè.

"Mà, iye kan náà ló wà níbẹ̀. Kí ni màá tẹ̀ jáde?"

Ìyá Fáìlì dìde, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ nígbà méje. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ké bí ẹni tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀, ó sì pọ káàdì kan jáde. Oníkọ̀ǹpútà gbà á. Mẹ́rìnlélógójì.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́rìndínláàádọ́ta wà nínú ẹ̀rọ, mẹ́rìnlélógójì wà lórí ìwé. Ó ṣí ètò tí olóògbé náà kọ, ìlà tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, ó ń kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀. Nǹkan bí ìṣẹ́jú ogójì lẹ́yìn náà ló rí i. Ìlà kan ṣoṣo, níbi tí káàdì ti ń jáde, ló ń yọ méjì kúrò nínú gbogbo ìwọ̀n kí ó tó tẹ̀ ẹ́. Kò sí àlàyé lókè rẹ̀, kò sí nísàlẹ̀.

"Kí ló ṣe ọ́ tí o fi yọ méjì?" ló ń bi òkú. "Ta ló rán ọ?"

Ìyá Fáìlì rìn lọ síbi ògiri. Ó bọ́ báàgì Oníkọ̀ǹpútà kúrò lórí ìṣó, ó gbé e sílẹ̀, ó mú ọ̀pá ìwọ̀n, ó sì gbé e dúró níwájú rẹ̀.

"Wo ìdí rẹ̀."

Oníkọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìdí ọ̀pá náà ti ṣẹ́. Orí nọ́ńbà méjì gan-an ni ìwọ̀n rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kò sí òdo, kò sí ení.

"Ọdún tí wọ́n ń kun ilé yìí," ni Ìyá Fáìlì wí, "àwọn akunlé ló fi í ṣí agolo ọ̀dà, ló bá ṣẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọ̀gá ìgbà náà ní ká máa lò ó bẹ́ẹ̀, ká ṣáà máa yọ méjì. Bí a bá rántí lónìí, a ò ní rántí lọ́la. Nígbà tí ọkùnrin yẹn wá kọ ètò rẹ̀, ó ní ká fọkàn balẹ̀, ohun tí ọ̀pá bá wí ni ká tẹ̀ wọlé, kọ̀ǹpútà á máa bá wa yọ ọ́."

Oníkọ̀ǹpútà fọwọ́ kan ibi tó ti ṣẹ́. "Ọ̀rọ̀ ọ̀pá tí ẹ fẹ́ sọ nìyẹn."

"Àbí o rò pé mo fẹ́ ká jọ fi ọ̀pá ṣeré ni?"

Oníkọ̀ǹpútà kó káàdì mẹ́ta tó kù lórí tábìlì rẹ̀, ó fà wọ́n ya. Ọpẹ́ ni pé Baba Ẹlẹ́sẹ̀ kò tíì fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó bàjẹ́ ni èyí tí òun fúnra rẹ̀ lọ bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe kíákíá. A kì í fi ìkánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Ahọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló bó.

Baba Ẹlẹ́sẹ̀ ti ń fọwọ́ láti máa lọ sílé nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbọ́ ìtàn náà tán, ó wo káàdì tuntun, ó wo ti àtijọ́, ó jù wọ́n sórí tábìlì. "Èwo ni kí n gbà gbọ́?" Ó fa téèpù tirẹ̀ yọ, ó kúnlẹ̀ síwájú obìnrin náà, ó wọn ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ fúnra rẹ̀. Mẹ́rìnlélógójì.

"Kó o dúpẹ́ pé ó gùn," ló wí fún Oníkọ̀ǹpútà. "Èyí tó gùn ṣeé gé. Ká ní ó kúrú ni, ẹsẹ̀ tìrẹ ni ǹ bá gé fi lé e. Wá di páìpù yìí mú."

Ó dì í mú. Ayùn náà ń ké, eruku irin ń ta sí i lójú, kò gbọdọ̀ gbọ̀n. Aago márùn-ún kọjá nígbà tí wọ́n tò ó padà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dìde. Ìbàdí méjèèjì dọ́gba. Ó fi irin sílẹ̀, ó gbé ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án, Oníkọ̀ǹpútà kà wọ́n, ó sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá a lórí.

"Ìwọ àti ìkánjú rẹ. Láti ìgbà tí o ti ń fi bàtà ọ̀tún wọ ẹsẹ̀ òsì."

Ní Sátidé, ó fi ìlà kan sínú ètò tuntun kó máa yọ méjì. Lókè rẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà: *Ọ̀pá ìwọ̀n ṣẹ́ nídìí. Ẹ má yọ ìlà yìí.* Ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

Mọ́ńdè, ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é. Ariwo ọmọ iléèwé kún ẹ̀yìn ohùn rẹ̀. "Mo dúró títí mo fi pe orúkọ gbogbo wọn tán. Ó ń dùn mí gan-an. Àmọ́ mo dúró." Ó gbé fóònù sílẹ̀ kí àbúrò rẹ̀ tó fèsì.

Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni Oníkọ̀ǹpútà fi wọ yàrá àkọsílẹ̀. Ó na báàgì rẹ̀ sí ìṣó, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró sókè. Ọ̀pá ìwọ̀n ò sí níbẹ̀ mọ́. Ọ̀pá irin tuntun kan ló rọ̀ síbẹ̀, ó ń dán bíi dígí, ó bẹ̀rẹ̀ láti òdo.

Ọ̀gá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọwọ́ lẹ́yìn, ó ń yọ̀. "Mo gbọ́ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo ti yanjú rẹ̀! Èmi fúnra mi ló gbé e wá. Wọ́n ti fi wọn ẹni mẹ́ta láàárọ̀ yìí."

Oníkọ̀ǹpútà yíjú sí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ẹni mẹ́ta. Ọ̀pá yìí pé pérépéré, ètò á sì tún yọ méjì kúrò nínú ìwọ̀n wọn. Ẹsẹ̀ mẹ́ta tó máa kúrú, tí kò sì ní ṣeé gé.

"Àti pé," ni Ọ̀gá wí, "àwọ̀ búlúù yẹn..."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi búlúù sílẹ̀!"

Ọ̀gá ta kété, ó wò ó tìyanu-tìyanu, ó sì jáde. Ìyá Fáìlì dìde. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn kábíńẹ́ẹ̀tì, ó fa ọ̀pá onígi náà yọ, ó gbé e lélẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fa bébà kékeré kan jáde lábẹ́ ago omi rẹ̀. Orúkọ mẹ́ta wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú iye mẹ́ta.

"Mi ò tíì tẹ̀ wọ́n wọlé," ló wí. "Ìwọ ni mò ń dúró dè. Jókòó. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ àwọn ọmọdé ṣì wà níbẹ̀, ìyẹn tún yàtọ̀ sí ti àgbà, ó sì gùn díẹ̀."

Oníkọ̀ǹpútà gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé, ó fa àga sún mọ́ ọn, ó wá bírò, ó ṣí ìwé.

"Ẹ máa wí, Mà."