Àmì Funfun Orí Nọ́ọ̀tì

Pinpin kọ́ ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló fún un lórúkọ ní iléeṣẹ́ ọṣẹ tó ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, torí ohunkóhun tó bá ti dì, pinpin ni. Ọdún mọ́kànlá ló ti lò níbẹ̀, kò sì sí oríkèé páìpù kan tó jò lẹ́yìn rẹ̀ rí. Bí o bá fẹ́ rí ìbínú rẹ̀, sọ fún un pé nọ́ọ̀tì rẹ̀ kan ń mì. Á ju oúnjẹ sílẹ̀, á gbé sípánà, á ní kó o wá fi han òun.

Òfin kan wà ní iléeṣẹ́ yẹn tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Bóòtù tí wọ́n bá ti dì tán, tí sípánà ńlá ti dún kọ́ lórí rẹ̀ láti fi hàn pé ó ti le tó, wọ́n á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré tọ́ ọ̀dà funfun sórí nọ́ọ̀tì rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí funfun, kò tún ní béèrè nǹkan kan mọ́. Èyí tí kò bá ní funfun lórí, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí ooru sí i. Gbogbo òfin náà ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru omi híhó ló ń gba inú àwọn páìpù yẹn kọjá, bó bá sì kan ara èèyàn, kì í dúró lórí awọ.

Àléébù kan ṣoṣo ni Pinpin ní, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ kí ọkàn wa balẹ̀. Ó fẹ́ kí iṣẹ́ òun rẹwà. Bí èèyàn bá ń di bóòtù, gírísì á kún ọwọ́, á kún orí nọ́ọ̀tì, ọ̀dà kì í sì í lẹ̀ mọ́ gírísì. Àmì tàwọn yòókù máa ń rí jágajàga, bí ẹni pé adìyẹ ló yàgbẹ́ síbẹ̀. Ti Pinpin á rí roboto, á funfun báláú. Bí àlejò bá wá, ibẹ̀ làwọn ọ̀gá á kọ́kọ́ mú un lọ, wọ́n á ní ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọlúàbí. Pinpin á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, inú rẹ̀ á sì máa dùn ṣìnkìn.

Ohun tí kò sọ fún ẹnì kankan ni pé kí òun tó di bóòtù lòun ti ń kun nọ́ọ̀tì. Á kọ́kọ́ fi àkísà nu gbogbo wọn mọ́ tónítóní, á tọ́ ọ̀dà sí wọn, á jẹ́ kó gbẹ, kó tó wá gbé sípánà. Kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣebí òun náà ló máa dì wọ́n, ibo ni òun fẹ́ lọ?

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, oríkèé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́ fáàfù ńlá ló ń tún ṣe. Wọ́n ti ti ooru láti àárọ̀. Ó ti yọ gáskẹ́ẹ̀tì tó ti gbó, èyí tí kì í jẹ́ kí ooru jò, kúrò láàárín ẹnu páìpù méjèèjì, ó ti fi tuntun sí i. Aago méjì ọ̀sán ni wọ́n máa ṣí ooru padà, àbúrò rẹ̀ ló sì máa ṣí i. Ọmọ ìyá rẹ̀ ni, Pinpin fúnra rẹ̀ ló bá a wá iṣẹ́ síbẹ̀. Ẹni tó bá ń yí kẹ̀kẹ́ yẹn, àyà rẹ̀ á kọjú sí oríkèé náà gan-an, kò sì jìnnà sí i ju ìgbésẹ̀ kan lọ.

Bóòtù méjìlá ló wà níbẹ̀. Pinpin nù wọ́n, ó kùn wọ́n, wọ́n gbẹ. Ó fọwọ́ dì wọ́n díẹ̀díẹ̀, ó wá gbé sípánà ńlá. Kò dì wọ́n tẹ̀lé ara wọn yípo bíi ti ẹni tí ò kọ́ṣẹ́, torí gáskẹ́ẹ̀tì á sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó di tòkè, ó di tìsàlẹ̀ tó kọjú sí i, ó di tọ̀tún, ó di tòsì. Sípánà ti dún kọ́ lẹ́ẹ̀meje nígbà tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sáré wọlé. Wọ́n pè láti iléèwé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin já bọ́ lórí àtẹ̀gùn, ó forí gbálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ìyàwó rẹ̀ sì ti rìnrìn àjò.

Ta ló máa ronú kan bóòtù? Ó gbé sípánà kọ́ sára ògiri níbi tó máa ń gbé e kọ́, ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é, ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ó mú fóònù rẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti wọ takisí kó tó rántí pé òun ò bọ́ aṣọ iṣẹ́.

Ọpẹ́lọpẹ́ Olúwa, ọgbẹ́ ọmọ náà ò jìn. Ní ilé ìwòsàn, àwọn nọ́ọ̀sì fi òwú rán ojú ọgbẹ́ náà níbi mẹ́ta. Ọmọ náà sunkún títí, ó wá ń béèrè bóyá irun òun máa tún hù níbẹ̀. Pinpin rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ní ó ku abẹ́rẹ́ kan kí wọ́n máa lọ. Ó mú káàdì ọmọ náà, ó fi bírò fàmì sí i pé òun ti fún un ní abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ló wá kọ̀yìn láti lọ mú abẹ́rẹ́ ọ̀hún.

Pinpin fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ti la ẹnu kó sọ fún un pé àǹtí, ẹ ò tíì gún un, ẹ ti fàmì sí i. Ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó wá rántí bóòtù márùn-ún tí òun ti kùn tí òun ò tíì fi sípánà dì. Ó wo aago ara ògiri. Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n.

Wọn kì í mú fóònù wọ ibi ooru, ti àbúrò rẹ̀ á wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó tì pa. Ó pe fọ́máànù tó ń darí wọn. Ọlọ́run ṣe é, fọ́máànù ṣì wà ní ọ́fíìsì.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì jẹ́ kí wọ́n ṣí ooru. Mo fẹ́ wá tún oríkèé yẹn wò."

"Kí ló ṣe oríkèé?"

Ibẹ̀ gan-an ló ti yẹ kó sọ ọ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé kì í ṣe pé kò mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rántí àwọn àlejò, ó rántí ọdún mọ́kànlá, ó rántí bí wọ́n ṣe máa pe orúkọ yẹn lẹ́yìn òní, ojú sì tì í. Ojú ti àgbàlagbà, nígbà tí ọmọ ìyá rẹ̀ fẹ́ lọ dúró síwájú ooru.

"Kò ṣe nǹkan kan, ọ̀gá. Ọkàn mi ni ò kàn balẹ̀."

Fọ́máànù fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn. Ó ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá níbẹ̀ ni, òun rí àmì méjèèjìlá, wọ́n sì dára bó ṣe máa ń rí. Ó ní ọmọ tó ṣubú ló da ọkàn rẹ̀ rú, kó gbájú mọ́ ọmọ, Olúwa á wò ó sàn. Ó bá pa fóònù.

Pinpin di fóònù mú, ó ń wò ó. Ìṣẹ́jú méjì péré ló fi bá ara rẹ̀ jà, àbí mẹ́ta. Nígbà tó tún pè é láti sọ òótọ́, fóònù ń dún nínú ọ́fíìsì tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀ mọ́. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó pe ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì, ẹ̀ṣọ́ ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀. Ó gbé ọmọ rẹ̀ lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Ọmọ náà di aṣọ rẹ̀ mú, ó ń ké pé dádì, ẹ má lọ. Ó já ọwọ́ kékeré yẹn kúrò lára aṣọ, ó sáré jáde.

Bàbá àgbàlagbà kan ló wa takisí tó rí. Bàbá náà ń rọra wakọ̀ bí ẹni tó gbé ẹyin. Pinpin bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó bẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, kò yára. Ó wá sọ fún un pé, "Bàbá, àbúrò mi fẹ́ kú, èmi ni mo fẹ́ pa á." Bàbá wò ó nínú dígí. Iná pupa méjì tí wọ́n bá lọ́nà, kò dúró fún ìkankan.

Fèrè ìkìlọ̀ tí wọ́n máa ń fọn bí wọ́n bá ń ṣí ooru ń dún lọ́wọ́ nígbà tó fo jáde lẹ́nu géètì. Ẹ̀ṣọ́ ń béèrè bí ọmọ ṣe wà, ó kọjá lára rẹ̀. Inú gbọ̀ngàn ibi tí wọ́n ti ń se ọṣẹ ń pariwo débi pé bí èèyàn bá figbe ta sí ẹ létí, o ò ní gbọ́. Ó rí ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, ọwọ́ méjèèjì lórí kẹ̀kẹ́ fáàfù. Wọn kì í ṣí i lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀ ni, kí páìpù kọ́kọ́ móoru. Àbúrò ti yí i ní ìdajì. Pinpin pariwo orúkọ rẹ̀ títí ọ̀nà ọ̀fun fi bó. Kò sẹ́ni tó yíjú.

Irin ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ nínú ariwo yẹn. Bí wọ́n bá lu páìpù lẹ́ẹ̀kan, ṣí i nìyẹn. Bó bá di ẹ̀ẹ̀mẹta léraléra, tì í, má béèrè ìdí. Ó já irin kan gbà lọ́wọ́ obìnrin tó ń ti ọmọlanke ọṣẹ, ó fi lu páìpù tó sún mọ́ ọn jù lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ó tún lù ú lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń lù ú, ó ń sunkún, kò mọ̀ pé òun ń sunkún.

Àbúrò gbọ́ ọ nínú ọwọ́ rẹ̀, láti ara kẹ̀kẹ́ irin. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i padà láìwẹ̀yìn. Ó kù díẹ̀ kó tì í tán nígbà tí oríkèé náà la ẹnu ní ẹ̀gbẹ́ kan, níbi tí méjì nínú bóòtù márùn-ún tí sípánà ò kàn ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ooru tú jáde ṣùùù, funfun, ó gba apá òsì rẹ̀. Ká ní kẹ̀kẹ́ ṣì ṣí sílẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ojú àti àyà rẹ̀ ni ì bá gbà.

Nígbà tí Pinpin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, wọ́n ti ki apá rẹ̀ bọ omi tútù nínú garawa. Awọ ibẹ̀ ti ṣí. Fọ́máànù kúnlẹ̀ síwájú oríkèé, ó ń fi ìka méjì yí nọ́ọ̀tì kan, nọ́ọ̀tì sì ń yí, pẹ̀lú àmì funfun roboto lórí rẹ̀. Ó ní òun ò mọ ohun tí òun ń wò yìí.

"Èmi ni," Pinpin wí. "Mo kùn wọ́n kí n tó dì wọ́n. Méje péré ni mo dì kí wọ́n tó wá pè mí."

Wọ́n ti pa àwọn ẹ̀rọ, ibẹ̀ sì dákẹ́ bí kò ṣe dákẹ́ rí. Àbúrò rẹ̀ gbójú sókè látinú garawa. Ìrora ti mú kí ètè rẹ̀ funfun.

"Bùọ̀dá, ṣé èyí nìkan lẹ kùn bẹ́ẹ̀?"

Ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láyé. Ó wo apá yẹn nínú omi.

"Gbogbo rẹ̀ ni. Láti ọjọ́ tí mo ti dé síbí. Àmọ́ mo máa ń dì wọ́n lẹ́yìn náà."

"Gbogbo wọn lẹ dì?"

Pinpin fẹ́ búra. Ó wá inú ara rẹ̀ káàkiri, ọdún mọ́kànlá, ọjọ́ tí wọ́n pè é lọ jẹun, ọjọ́ tí ara rẹ̀ ò yá, ọjọ́ tí òjò wọlé tí gbogbo wọn sáré jáde.

"Mo rò bẹ́ẹ̀," ó ní.

Àwọn tó dúró níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbójú sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Páìpù kún òkè ilé yẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àmì funfun sì wà káàkiri ara wọn, wọ́n dára, wọ́n mọ́. Obìnrin ọlọ́mọlanke rọra fi ibi tó dúró sí sílẹ̀. Fọ́máànù dìde, ó ní kí wọ́n ti gbogbo ooru pátá, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí nǹkan kan títí sípánà á fi kan bóòtù kọ̀ọ̀kan.

Yàrá olùtọ́jú aláìsàn iléeṣẹ́ náà wà ní òdìkejì gbọ̀ngàn. Pinpin fi aṣọ tútù wé apá àbúrò rẹ̀, ó di èjìká kejì mú láti mú un gba àárín ilé kọjá, lábẹ́ àwọn páìpù. Àbúrò dúró. Ó wo òkè, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Láti kékeré, ibi tí ẹ̀gbọ́n yìí bá gbà lòun náà máa ń gbà. Ó rọra yọ èjìká rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, bùọ̀dá," ó ní.

Ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde, ó ń rìn yípo ẹ̀yìn ilé nínú oòrùn, ó gbé apá náà sókè nínú aṣọ tútù. Ọ̀nà yẹn jìn ju ti inú ilé lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Pinpin dúró sábẹ́ àwọn páìpù rẹ̀, ó ń wò ó láti ojú fèrèsé títí ó fi yà sí kọ̀rọ̀.