Ọ̀rọ̀ Má-bò-ó Lọ́wọ́ Ògbufọ̀

Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tó fẹ́ràn Má-bò-ó jù, ẹ má wulẹ̀ wá a láàárín àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń pariwo lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Ẹ wo ìlà iwájú. Ọkùnrin tó jókòó síbẹ̀, tí ìyẹ̀fun ṣì wà lẹ́yìn etí rẹ̀, tí kì í pàtẹ́wọ́ àfi bó bá rí i pé àwọn tó kù ti bẹ̀rẹ̀, òun gan-an ni. Búrẹ́dì ló ń ṣe. Adití sì ni. Ibà kan ló di etí rẹ̀ pa ní kékeré.

Má-bò-ó fúnra rẹ̀, òǹkọ̀wé ni, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó ti bú àwọn tó wà lórí àga, ó ti bú àwọn tó ń du àga náà. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní ọ̀sán Sátidé, ó máa ń sọ ìtàn ìlú ní gbọ̀ngàn òkè ilé ìkàwé, láìmú ìwé kankan dání. “Ẹ má bò ó” ló fi ń bẹ̀rẹ̀, òun náà ló fi ń parí, ibẹ̀ lorúkọ ti lẹ̀ mọ́ ọn. Ohun tó jẹ́ káwọn èèyàn gbà á gbọ́ ni pé ilé ara rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàá ló ti sọ pé bàbá tó bí bàbá òun ló máa ń tọ́ka ilé àwọn tí kò rówó orí san fún ọlọ́pàá. Ẹni tó tú àṣírí ilé rẹ̀ báyẹn, ta ló fẹ́ ní kó má tú tẹlòmíì?

Alábúrẹ́dì kò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ọwọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin ló fi ń gbọ́ ọ. Àbúrò yìí ni ògbufọ̀ èdè ọwọ́ tí ilé ìkàwé gbà síṣẹ́ kó máa dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ Má-bò-ó. Iṣẹ́ ọ̀hún sì ní òfin tí kì í yẹ̀: ògbufọ̀ kì í fi kún ọ̀rọ̀, kì í yọ níbẹ̀. Bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá ní “èmi”, “èmi” ni ògbufọ̀ náà yóò wí, kò gbọdọ̀ ní “ó ní”. Bí adití bá sì fọwọ́ sọ tirẹ̀, ohùn ògbufọ̀ ni yóò gbà jáde, tòun ti “èmi” rẹ̀. Ìdí nìyí tí obìnrin yìí, tí kò lè bá onílé rẹ̀ sọ̀rọ̀ nítorí òrùlé tó ń jò fi ń bú mínísítà lójú gbogbo ayé.

Nínú bọ́ọ̀sì, nígbà tí wọ́n bá ń relé, ẹ̀gbọ́n a tún máa fọwọ́ sọ gbogbo ìtàn náà fún un látìbẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má pa mí,” làbúrò á ní. “Ṣebí èmi ni mo sọ ọ́ fún yín!”

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, ìtàn àwọn iléeṣẹ́ ìlú ni Má-bò-ó mú bọnu. Nígbà tó dórí iléeṣẹ́ tìmùtìmù tó jóná nígbà kan, àyà ògbufọ̀ já.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Mẹ́gáàdì iléeṣẹ́ yẹn ni bàbá wọn. Baba Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é. Ìtàn tí wọ́n fi tọ́ àwọn ọmọ dàgbà nílé ni pé bàbá ló ṣí géètì fún àwọn òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ iná, pé ibẹ̀ ni àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ti bó. Bí ààrò bá jó ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́, á rẹ́rìn-ín, á ní òun ti jọ bàbá òun. Ṣùgbọ́n nígbà tí àìsàn dá ìyá wọn dùbúlẹ̀, ó pe ọmọbìnrin rẹ̀ sétí. “Bàbá yín ò ṣí géètì kankan. Ó sá ni. Má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ mọ̀ o.” Kò sì mọ̀ látẹnu rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, kò sí ẹni tó rọrùn láti fi nǹkan pa mọ́ fún bí adití: kẹ́nu ṣáà máa lọ, kọ́wọ́ dúró. Ojú ń ti ògbufọ̀ nítorí rẹ̀, torí ó mọ̀ pé irú nǹkan báyìí lòun ń gbowó láti má ṣe.

“Ọ̀gá iléeṣẹ́ ló ní kí wọ́n máa ti géètì mọ́ àwọn òṣìṣẹ́, torí olè,” ni Má-bò-ó wí. “Ọ̀gá jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n èmi kì í dúró lórí ọ̀gá nìkan. Ọwọ́ ẹnìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà. Baba Kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n ń pè é. Bó ṣe rí èéfín, ó sá lọ tòun ti kọ́kọ́rọ́. Àwọn tó wà nínú ilé jóná mọ́bẹ̀. Ẹ má bò ó!”

Ọwọ́ ògbufọ̀ dúró lófuurufú. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ sọ pé: “Ọwọ́ ẹnìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kò sẹ́ni tó mọ onítọ̀hún.”

Kò ṣe irú rẹ̀ rí látìgbà tó ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo ẹnu Má-bò-ó, ó mi orí. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Nígbà tó di àsìkò ìbéèrè, òun ló kọ́kọ́ nawọ́. Wọ́n gbé gbohùngbohùn fún àbúrò rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dìde, ó kọjú sí Má-bò-ó, ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, àbúrò sì ń fi ohùn gbè é.

“Ẹ káàsán, sà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá síbí. Mo fẹ́ràn yín torí ilé yín lẹ ti bẹ̀rẹ̀.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ògbufọ̀ mí kanlẹ̀.

“Èmi náà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé mi. Baba Kọ́kọ́rọ́, bàbá mi ni.”

Ẹ̀gbọ́n kò dúró. Àbúrò rí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, ó sì gbé gbohùngbohùn kúrò lẹ́nu. Nínú gbogbo èrò yẹn, kò sí ẹlòmíì tó gbọ́ èdè ọwọ́. Bó bá tún yí i padà, ta ló máa mọ̀? Ẹ̀gbọ́n gbé ọwọ́ dúró, ó ń wo ètè rẹ̀.

Àbúrò sọ ọ́ bó ṣe wà. “Ògbufọ̀ kò pe orúkọ bàbá mi fún mi lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kò sẹ́ni tó mọ onítọ̀hún. Ṣùgbọ́n iwájú géètì yẹn ni mo dàgbà sí, mo mọ bí ètè ṣe ń rí tí wọ́n bá ń pè é.”

Àwọn èèyàn ń wo ògbufọ̀. Ojú tì í dé àtàǹpàkò. Ẹ̀gbọ́n tún ń bá a lọ.

“Òótọ́ lẹ sọ, ó sá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi lórí ibùsùn àìsàn, ọwọ́ rẹ̀ ló fi sọ ọ́. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun. Ó sáré dé títì, ó sì padà. Ó padà. Nígbà tó débẹ̀, irin géètì ti gbóná, kọ́kọ́rọ́ kò yí mọ́. Ó di irin náà mú títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó. Kò rí i ṣí. Ó ní kí n má sọ fún àbúrò mi, kó má baà kórìíra òun.”

Ìyá wọn kò sọ fún àbúrò pé bàbá padà. Ẹnu ara rẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, níwájú gbogbo èrò. Ó ń sunkún, ó sì ń sọ ọ́ títí ó fi parí.

Má-bò-ó, tí ìdáhùn kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, yọ awò ojú rẹ̀. “Mi ò mọ̀ pé ó padà,” ló wí. “Tí mo bá tún máa sọ ọ́, màá sọ pé ó sá, màá sì sọ pé ó padà. Ẹ ṣeun.” Ògbufọ̀ fọwọ́ sọ èyí láìyọ nǹkan kan.

Lórí àtẹ̀gùn ìta, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní, “Ìwọ náà ti mọ̀.”

“Màámi ló sọ fún mi, ààbọ̀ rẹ̀. Ẹ dárí jì mí.”

“Jókòó. Sọ ọ́ fún mi bí ọkùnrin yẹn ṣe sọ ọ́.”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n?”

“Ọwọ́ rẹ ni mo fẹ́ kó sọ ọ́.”

Ó gbé báàgì sílẹ̀, ó jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀gá iléeṣẹ́. Nígbà tó dé ibi orúkọ bàbá wọn, ó pè é: ìka tó ń yí kọ́kọ́rọ́ lójú àtẹ́lẹwọ́, bí wọ́n ṣe máa ń pè é nílé. Ó sọ pé bàbá sá, ó sọ àwọn tó jóná, ó dúró.

“Ìyókù ńkọ́?” ni ẹ̀gbọ́n bi í.

“Ibẹ̀ ló parí sí. Ọwọ́ yín nìyókù wà.”

Ẹ̀gbọ́n jókòó tì í, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ látọjọ́ tí àìsàn ti gbé bàbá dè. Ògbufọ̀ ká ọwọ́ rẹ̀ sórí itan, ó ń wò ó. Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ rẹ̀ fún.