Ọkọ́ Lábẹ́ Agbádá

Ní ọdún 1999, ìjọba ní kí àwa àgbà má jókòó sójú kan mọ́. Nọ́ọ̀sì Adéfúnkẹ́, tí wọ́n rán láti Ìfọ́n wá sí ìlú wa Ìdógùn, ló mú ọ̀rọ̀ náà wá. Ó kó gbogbo ẹni tó ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́rin jọ síwájú matanítì, ó ní ọdún àwọn àgbà ni ọdún yìí káàkiri ayé, àti pé ẹni tó bá ń lo ara rẹ̀ ló ń pẹ́. Ó fún wa ní ilẹ̀ ìlú kan lẹ́yìn matanítì pé ká máa wá ro ó ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, ká gbin tẹ̀tẹ̀ àti ilá sí i. Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀rọ di wá lápá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò bóyá ẹ̀jẹ̀ wa ń ru. Nígbà tó kan èmi Sylvanus, ó wo ẹ̀rọ náà lẹ́ẹ̀mejì, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní bí mi ò bá gbọ́ràn, ohun tó gbé Boniface ṣubú á gbé èmi náà.

Boniface ni ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Orí ẹní ló wà láti oṣù kẹta, ẹnu rẹ̀ wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò fẹ́ irú rẹ̀, mi ò sì tijú láti sọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó. Ní ìlú tiwa, ọkùnrin kì í ṣàdédé di àgbà. Ẹgbẹ́ rẹ̀ á ṣe iṣẹ́ ìlú títí, wọ́n á la ọ̀nà, wọ́n á ro àyíká ọjà, títí di ọjọ́ tí ìlú á fi ayẹyẹ gba ọkọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gba tèmi ní 1991. Mo pa màlúù, mo jó títí eékún fi ń dùn mí. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbé ọkọ́ sórí ilẹ̀ ìlú, ìtumọ̀ kan ṣoṣo ló ní: ọmọ mi ti ṣẹ̀ mí, mo sì ń ṣépè fún un. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Ọ̀wọ̀ ni nọ́ọ̀sì, kò mọ àṣà wa. Ta ló fẹ́ sọ fún un?

Ní Sátidé àkọ́kọ́, àwa àgbà mẹ́jọ gbé ọkọ́ wá. A ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ fi ya dé, ọmọ mi Olúgbádé, olórí ẹgbẹ́ wọn, ló ṣáájú. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n bẹ̀ wá, wọ́n gba ọkọ́, wọ́n gbé àga fún wa. Kí oòrùn tó mú, wọ́n ti ro ilẹ̀ náà tán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko la fi ṣe bẹ́ẹ̀: àwọn ń ro, àwa ń jókòó jẹ obì. Ọ̀sán ni nọ́ọ̀sì máa ń dé. Á yìn wá fún oko tó mọ́ tónítóní, á wá di apá mi, á mi orí. Ó ní ìdí tí ẹ̀jẹ̀ mi kò fi lọ sílẹ̀ kò yé òun. Kí ni kí n sọ? Pé ọmọ mi ló ń bá mi lo ara mi?

Ìjọba ní bí mo bá jókòó, màá kú. Ìlú ní bí mo bá dìde, mo ti ṣépè fún ọmọ mi. Mo bi Fada wa léèrè, ó ní kí n gbàdúrà. Mo gbàdúrà, ẹ̀jẹ̀ ń ru sí i.

Nígbà tó di Ọjọ́bọ̀ kan, tí gbogbo ìlú ti lọ sóko, mo fi ọkọ́ kékeré sábẹ́ agbádá, mo yọ́ lọ sẹ́yìn matanítì. Mo ro poro kan. Òógùn ń bọ́ lára mi, inú mi sì dùn débi pé mo ń kọrin. Bí mo ṣe gbójú sókè, Olúgbádé ló dúró níbẹ̀.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ilẹ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ro. "Bàbá, kí ni mo ṣe?" Omijé wà lójú rẹ̀, ọmọ ogójì ọdún.

Mo fẹ́ parọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ló jáde. Mo ní, "O ò ṣe nǹkan kan, Olúgbádé. Ẹ̀rù ikú ló ń bà mí."

Ó dìde, ó gbọn erùpẹ̀ kúrò láyà, ó wo ọkọ́ náà pẹ́. Mo rò pé ó fẹ́ gbà á ni. Ó yí padà, ó rìn lọ sétí ọ̀nà, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó sì dúró síbẹ̀. Obìnrin kan ń kọjá lọ. Mo gbọ́ tí Olúgbádé sọ fún un pé kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn òun.

Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá mo ṣépè fún ọmọ mi lọ́jọ́ náà. Mo tẹ̀ba, mo bẹ̀rẹ̀ poro kejì.