Géètì Lójú Ọ̀nà Etíkun

Loveday Pascoe ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rin, kò sì sí òwúrọ̀ tí kì í gba ọ̀nà orí àpáta lọ wo òkun, òjò ìbáà rọ̀, ìjì ìbáà jà. Ọ̀nà náà gba àárín àwọn ilé olókùúta àtijọ́ ní Porthenna, abúlé kan létíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó kọjá níwájú ilé funfun tí ọ̀gbẹ́ni Fairlie, ará London, rà, kó tó sọ̀ kalẹ̀ sétí omi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹrin, ó bá géètì irin lójú ọ̀nà. Ṣéènì ni wọ́n fi dè é, wọ́n sì kọ ọ́ sára pákó pé kálejò má gbabẹ̀. Loveday lọ kan ilẹ̀kùn ilé funfun náà. Fairlie jáde tòun ti ife kọfí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun ò wá ìjà, àmọ́ ọmọ abúlé kan ti jẹ́rìí pé ó ti tó ogójì ọdún tí ẹnikẹ́ni ò ti gbabẹ̀ mọ́, àfi onílé. Ó mú ìwé ẹ̀rí tí ẹni náà fọwọ́ sí wá. Loveday wo orúkọ tó wà nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ ṣú. Denzil ni, àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀.

Kò tiẹ̀ dágbére. Ó lọ bá Denzil nínú yàrá rẹ̀, nídìí tábìlì, ó ń jẹ míìtì-páì.

"Ta ló máa ń ru igèrè alákàn gba iwájú ilé yẹn nígbà tá a wà ní kékeré?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná."

"Mi ò jókòó. Ta ni?"

"Bàbá ni."

"Ta ló ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn?"

Denzil ní Fairlie náà ló ni yàrá tí òun ń gbé. Àwọn àlejò tó ń wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ti ra gbogbo ilé abúlé tán. Bóun bá kọ̀ láti fọwọ́ sí ìwé náà, ibo lòun fẹ́ sùn?

"Ẹ̀yin nílé tiyín," ó ní. "Ẹ ráyè bínú."

Ọ̀rọ̀ náà dun Loveday wọra, torí òótọ́ wà níbẹ̀. "Ò bá ti wá bá mi," ó ní. "O ò wá. O wá lọ purọ́ mọ́ òkú bàbá wa."

Nígbà tó di oṣù Kẹfà, àwọn ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ jókòó ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì láti gbọ́ ẹjọ́ tí Loveday pè lórí ọ̀nà náà. Àwọn aládùúgbò ti bẹ Loveday pé kó sọ pé ogbó ló ń ṣe Denzil, pé ó gbàgbé ni. Nígbà tí wọ́n ka ìwé náà tán, ó dìde.

"Àbúrò mi ló kọ ọ́, irọ́ sì ni. Títí di èṣí, ojoojúmọ́ ló ń gbabẹ̀. Ẹ wò ó lẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, ẹ bi í."

Denzil dìde. Ó ní òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n òun sọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí wọ́n fi wú géètì náà. Kò sì pé oṣù kan tí Fairlie fi lé Denzil jáde. Loveday palẹ̀ yàrá ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ mọ́, ó wa ọkọ̀ lọ, ó fọwọ́ ara rẹ̀ kó ẹrù àbúrò rẹ̀. Denzil fẹ́ dúpẹ́.

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Inú ṣì ń bí mi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Denzil ti wọ bàtà dè é, ó béèrè bóyá àwọn lè jọ rìn lọ sétí òkun. Loveday mú ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ Denzil jáde lóun nìkan, ó sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn.