Ṣẹ́ẹ̀tì Funfun Ọ̀gá

Nígbà tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ kẹ́míkà kọ́kọ́ họ ọrùn níwájú adájọ́, èmi nìkan ni mo mọ ohun tó ń jẹ ẹ́ lára. Èmi ni alágbàfọ̀ rẹ̀. Èmi ni mo fọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tó wọ̀.

Ẹjọ́ àdúgbò wa ni wọ́n ń gbọ́. A fẹ́ kí adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n dí páìpù tí wọ́n fi ń da ìdọ̀tí olóró sínú odò wa. Bí a bá pàdánù, a jẹ́ pé títí ayé la ó máa mu ún nìyẹn. Ọ̀gá sì ti búra, ó ní omi náà mọ́ tónítóní, òun gan-an lè fi wẹ̀.

Irọ́ ló ń pa. Odidi ọdún mẹ́ta ni ìyàwó rẹ̀ fi ń kó aṣọ wọn ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin, tí yóò sì kìlọ̀ pé omi odò ò gbọdọ̀ kan aṣọ ọkọ òun. Èmi òpè, mo ń dúpẹ́, mo rò pé wọ́n ń ràn mí lọ́wọ́ ni. Odò yẹn sì ni mo ti ń pọnmi wẹ àbígbẹ̀yìn mi, títí awọ ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ọjọ́ kẹta tí a sin ín, kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin tún dé pẹ̀lú ìkìlọ̀ kan náà. Ọjọ́ yẹn lojú mi là.

Lọ́sẹ̀ yìí, mo da omi wọn nù. Mo rẹ ṣẹ́ẹ̀tì ọ̀gá sínú omi odò fún ọjọ́ méjì gbáko, mo sá a, mo fi sítáàṣì sí i, mo lọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán. Ẹ má bi mí bóyá ó dùn mí. Kò dùn mí rárá.

Ooru mú, ọ̀gá làágùn. Ó họ ọrùn, ó họ abíyá, ó tú bọ́tìnnì. Ìgbà tó rí mi níbi tí mo jókòó sí, inú bí i débi pé ó gbàgbé ibi tó wà.

"Ìwọ alágbàfọ̀ yìí, ṣé kì í ṣe omi tí mò ń fi ránṣẹ́ sí ẹ lo fi fọ aṣọ yìí ni?"

Mo dìde. "Omi odò ni, sà. Èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ búra pé ó mọ́."

Akọ̀wé kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu ẹyẹ ní í pa ẹyẹ. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bi í pé kí ló dé tó fi ń fi omi ránṣẹ́ sí ẹni tó ń gbé létí odò. Ọ̀gá tún ti ọwọ́ bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì. Ó ń họra.

Mo jókòó, mo ń wò ó. Oṣù mẹ́rin lọmọ mi fi họra kó tó kú. Tirẹ̀ ò tíì pé wákàtí kan.